Ẹsẹ̀ Tí Kò Sinmi

Ọjọ́ kẹrin rèé tí wọ́n ti gbé télọ̀ wọ yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Wọ́n ti la ikùn rẹ̀, wọ́n ti rán an padà, wọ́n ti ki rọ́bà bọ ọ̀fun rẹ̀, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Nínú gbogbo ẹni tó ń wọlé tó ń jáde, dókítà, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń nu ilẹ̀, ọmọ tó bí, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó tíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bi í pé ṣé ó ń dùn ún. Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó dáa. Ẹni tó fúnra rẹ̀ pa ẹnu mọ́ ni wọ́n pa òwe yẹn fún. Ẹni tí wọ́n fi rọ́bà dí lẹ́nu ńkọ́, tí wọ́n tún fi báńdéèjì so ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì kó má baà fà á yọ?

Nílé, ara kò rọ ẹnikẹ́ni láàárọ̀ ọjọ́ náà. Onídìrí, ọmọbìnrin télọ̀, ti ń se ìrẹsì láti aago mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olùkọ́, tó ti wọ ṣòkòtò iṣẹ́ tán bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní dé ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ yẹn, béèrè pé ta ló fẹ́ jẹ odidi ìkòkò ìrẹsì nígbà tí ìyá wọn kò lè gbé ẹ̀kán omi mì. Onídìrí ní àwọn nọ́ọ̀sì ni. Ó ní nọ́ọ̀sì tó bá jẹ oúnjẹ èèyàn á máa yà wo ìyá èèyàn. Olùkọ́ ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pe ìyẹn. Onídìrí ní kí wọ́n máa pè é bí wọ́n bá ṣe fẹ́, ṣebí àwọn ni wọ́n kàwé, òun ṣáà mọ̀ pé ẹni tí ebi ń pa kì í rẹ́rìn-ín sí ọmọ ọlọ́mọ. Kí wọ́n tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ìrẹsì, ó ti dé orí ẹni tó wà nílé lọ́jọ́ tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ìyá wọn tí kò sì tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àwọn méjèèjì ló wà nílé lọ́jọ́ yẹn. Onídìrí padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Bàbá Aláago, bàbá wọn, kò dá sí i. Aago ló ń tún ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó wà nídìí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, ó fi awò kékeré há ojú kan, ó ṣí ẹ̀yìn aago tí kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni máṣíìnì ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ wà, irú èyí àtijọ́ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ irin rẹ̀ nísàlẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó gun aṣọ lókè. Wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni rọ́bà dúdú wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà níbẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń rí wọn mọ́.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, aládùúgbò tí ògiri kan ṣoṣo là á láàárín wọn, wọlé láìkanlẹ̀kùn bó ṣe máa ń ṣe. Ó gbé búrẹ́dì gbígbóná kan kalẹ̀, ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ìgbà tó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ tán ló wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn àbúrò ọkọ rẹ̀ kan, tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ ìrora ńlá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tó sùn, tí kò jí mọ́. Ó ní abẹ́rẹ́ náà ló pa á. Ohun tó gbé ọkùnrin náà dórí bẹ́ẹ̀dì tẹ́lẹ̀, kò mẹ́nu bà á.

Olùkọ́ ní kí Ìyá Oníbúrẹ́dì má mikàn rárá, láti ọjọ́ kejì lòun ti bá àwọn nọ́ọ̀sì sọ ọ́. Ó sì tún un sọ lójú gbogbo wọn, bó ṣe máa ń tún ẹ̀kọ́ sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀: pé ìyá wọn kì í ṣe aláriwo, pé ó bí ọmọ méjì, ará ilé kejì kò gbọ́ ohùn rẹ̀, pé ìrora kì í ṣe nǹkan bàbàrà lójú rẹ̀, pé kí wọ́n má fi oògùn líle kùn ún lóorun, nítorí dókítà ti ní bí ojú rẹ̀ bá là dáadáa tó sì ń gbìyànjú láti mí fúnra rẹ̀, àwọn á yọ rọ́bà náà lọ́jọ́ karùn-ún. Ọjọ́ karùn-ún, ọ̀la ni. Lọ́jọ́ kejì yẹn, nọ́ọ̀sì gbọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn, torí aláìsàn tí kì í yọ èèyàn lẹ́nu ṣọ̀wọ́n.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ní obìnrin gidi ni télọ̀, ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí á ti figbe ta kí abẹ́rẹ́ tó kàn wọ́n lára. Orí Olùkọ́ wú. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Olùkọ́ yìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀ ló kó o bá. Nídìí tábìlì, irin ìdè aago kékeré kan bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Aláago, ó yí lọ sábẹ́ máṣíìnì. Bàbá kúnlẹ̀, ó ń wá a. Ó rí i kíá, àmọ́ kò tètè dìde.

Aago mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn àárọ̀ fún àwọn ẹbí, fún ààbọ̀ wákàtí, èèyàn méjì péré. Aago mẹ́rin ni ti ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ àti Onídìrí ló wọlé. Bàbá wọn jókòó sórí bẹ́ńṣì níta pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì, búrẹ́dì àti Ìyá Oníbúrẹ́dì, tó ní òun kò lè dá wọn dá a.

Bẹ́ẹ̀dì márùn-ún ló wà nínú yàrá náà, nọ́ọ̀sì kan ló ń wo márààrún. Ó ń sáré láti ibi tí ẹ̀rọ kan ti ń ké lọ síbi tí òmíràn ti ń ké. Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó sì ṣètò pé kí ẹnì kan ṣoṣo máa wo èèyàn márùn-ún tí kò lè sọ̀rọ̀, òun náà wà níbì kan láàárọ̀ yẹn, ó ń mu tíì.

Ìwé kan há sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì télọ̀. Wọ́n ní ìwé ìrora ni. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ló yẹ kí nọ́ọ̀sì wo aláìsàn, kó wo ojú rẹ̀, kó wo ọwọ́ rẹ̀, kó wò ó bóyá ara rẹ̀ le tàbí bóyá ó ń bá ẹ̀rọ jà, kó wá kọ iye tí ìrora rẹ̀ jẹ́, láti orí òdo dé orí mẹ́jọ. Òdo ló wà níbẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Òdo ti ẹlòmíràn fẹ̀, ti ẹlòmíràn tẹ́, ti ẹlòmíràn kò tilẹ̀ pàdé ara rẹ̀, àmọ́ òdo ni gbogbo wọn. Inú Onídìrí dùn nígbà tó rí i. Olùkọ́ ní láti ọjọ́ tóun ti ń fún ọmọ ní máàkì, òdo àkọ́kọ́ tó dùn mọ́ òun nìyí.

Ìgbà náà ni Onídìrí rí ẹsẹ̀. Lábẹ́ aṣọ funfun, ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá wọn ń lọ sókè sódò: gìgísẹ̀, ọmọ ìka, gìgísẹ̀, ọmọ ìka. Ẹni tó bá dàgbà sínú ilé yẹn kò lè ṣì í mọ̀. Ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láṣọ.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó. Màmá ń ránṣọ."

Omi bọ́ lójú Olùkọ́, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún kíá. Wọ́n dúró wo ẹsẹ̀ náà títí tí wọ́n fi ní kí wọ́n jáde. Wọ́n sáré dé ìdí bẹ́ńṣì, àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Oníbúrẹ́dì dìde, ó jó díẹ̀, ó bu búrẹ́dì fún àwọn ẹbí aláìsàn kejì tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn yẹn náà bá wọn dúpẹ́, wọ́n ní ayọ̀ á kárí. Onídìrí ti wà lórí fóònù. Olùkọ́ ní gbogbo àwọn oníbàárà tí ìyá òun ti ń sọ fún láti oṣù tó kọjá pé "ẹ padà wá lọ́la", ó jọ pé aṣọ wọn ló ń sáré rán báyìí, kí wọ́n má lọ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Bàbá Aláago nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà sínú ọ̀rá.

"Ṣé ó ń dúró?" ló béèrè.

Olùkọ́ béèrè pé kí ló ń dúró, bàbá rẹ̀ sì ní ẹsẹ̀ náà. Onídìrí dáhùn tayọ̀tayọ̀ pé kò dúró rárá, láti ìgbà tí àwọn ti rí i títí wọ́n fi lé àwọn jáde, ṣe ló ń lọ láìsinmi, agbára ti ń padà sí ìyá àwọn lára. Bàbá Aláago gbé ọ̀rá búrẹ́dì kalẹ̀. Ó dìde, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní òun fẹ́ wọlé.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ó di aago mẹ́rin.

Ó padà wá jókòó. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tún lọ. Ó bẹ ẹ̀ṣọ́ pé ìṣẹ́jú kan péré ni. Ẹ̀ṣọ́ ní Bàbá, gbogbo èèyàn ló fẹ́ ìṣẹ́jú kan péré. Onídìrí bi bàbá rẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní kò sí. Olùkọ́ ní kí wọ́n jẹun. Ó ní òun ti yó. Ó rìn dé ìdí àtẹ̀gùn, ó padà, ó tún rìn dé ibẹ̀. Ìrẹsì ti tutù.

Ó yẹ kó sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká má fi ewú orí bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Láago mẹ́wàá ààbọ̀ ló yẹ kó ti pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ kó sọ ohun tó mọ̀ fún wọn, kí gbogbo wọn sì fìyẹn pariwo títí nọ́ọ̀sì á fi gbọ́. Kò sọ ọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ayọ̀ àwọn ọmọ náà ń ṣe é láàánú. Èkejì ló burú jù: bó bá sọ ọ́, wọ́n á bi í bó ṣe mọ̀. Ọkùnrin kan jókòó lé ọ̀rọ̀ fún odidi ọ̀sán nítorí ìtìjú, ìyàwó rẹ̀ sì ń jẹ̀rora lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò jìnnà ju ibi tí wọ́n lè ju òkúta dé lọ.

Nígbà tó lọ bá ẹ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti ju aago méjì lọ. Kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó ní aago ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ náà ń fa ẹsẹ̀, òun ń gbọ́ ọ láti ibi tóun wà. Ẹ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní lóòótọ́ ni, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló fi ń rẹ̀yìn lójoojúmọ́, ó bọ́ ọ, ó gbé e fún un. Bàbá yọ awò àti irin wẹ́wẹ́ tó máa ń wà lápò rẹ̀. Ó ṣí aago náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fọwọ́ kan ibì kan tó tín-ín-rín bí irun, ó pa á dé. Lẹ́yìn náà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo ọdún tó ti ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, ó mọ̀ọ́mọ̀ yí aago oníaago síwájú. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ẹ̀ṣọ́ dúpẹ́, ó fẹ́ fún un ní nǹkan, Bàbá ní kó fi sílẹ̀. Bó ṣe di pé aago mẹ́rin kò tíì lù níbikíbi nílùú tí ilẹ̀kùn fi ṣí nìyẹn.

Òun àti Onídìrí ló wọlé. Kò ki ìyàwó rẹ̀. Ó lọ tààrà síbi ẹsẹ̀, ó ká aṣọ kúrò lórí rẹ̀, ó dúró. Onídìrí rò pé ó fẹ́ fọwọ́ kàn án ni, àmọ́ ṣe ló kàn tẹ́tí bí ìgbà tó bá gbé aago sétí. Gìgísẹ̀, ọmọ ìka. Gìgísẹ̀, ọmọ ìka. Ó ń retí kó dúró. Ẹsẹ̀ tó bá ń ránṣọ máa ń dúró: ó ń dúró bó bá dé igun aṣọ, ó ń dúró bí òwú bá já, ó ń dúró nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi àlùmọ́gàjí gé e. Ìṣẹ́jú méje ni Bàbá fi dúró tì í. Ẹsẹ̀ náà kò sinmi níbì kankan.

Ó wá wo ojú rẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ ti kájọ láàárín ìpéǹpéjú méjèèjì, òógùn rin ín, ọwọ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ti di aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú. Onídìrí náà wò ó, ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀ láti àárọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Bàbá pe nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ó ń dùn ún."

Nọ́ọ̀sì wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kò yíjú padà. Ó ní Bàbá, kò sí ìrora, òun ti wò ó, ó wà nínú ìwé, òdo ni. Ó tún ní àwọn ẹbí fúnra wọn ló sọ pé kì í mọ ìrora lára, pé káwọn má sì fi oògùn líle kùn ún lóorun. Ìyẹn náà wà nínú ìwé.

"Ta ló bi í léèrè?"

Bàbá kò pariwo. Nọ́ọ̀sì wá yíjú padà. Aago mẹ́jọ ló kọ òdo, aago méjìlá ló kọ òmíràn, èyí aago méjìlá sì rèé, àpò omi aláìsàn kẹta ló fi ọwọ́ kan gbé dání nígbà tó ń kọ ọ́, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó wo èyí tó wà lókè rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó rí i, àmọ́ òun mọ̀. Ó fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, ó ń bọ̀.

Olùkọ́ ti gbọ́ ohùn wọn láti ẹnu ọ̀nà, ó ti sá mọ́ ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́ wọlé. Ó béèrè pé kí ló dé. Nígbà tó gbọ́ pé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ìrora ni, inú bí i. Ó ní ọ̀la ni wọ́n fẹ́ yọ rọ́bà, ẹ̀yin Bàbá yìí náà gbọ́ lẹ́nu dókítà, kí ló dé tí ẹ fẹ́ dá obìnrin tó ti ń jí padà sínú oorun? Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ yẹn, ìwòsàn ló ń bọ̀. Ó ní Ìyá Oníbúrẹ́dì sọ ohun tí abẹ́rẹ́ yẹn ṣe. Onídìrí ní kó gbé ohùn sílẹ̀. Ó ní òun kò ní gbé e sílẹ̀, pé ìyá àwọn lágbára, pé kò ké nígbà tó ń bí òun, kí wọ́n bi Bàbá.

Gbogbo wọn wo Bàbá. Ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

"Kò ké lóòótọ́," ló wí. "Orí máṣíìnì ló wà. Láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi gbé e lọ bí ọ, ó ń tẹ̀ ẹ́, kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ìgbà tí eyín ń dùn ún náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe, odidi ọ̀sẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá kí ìfun yìí tó bẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ méjì. Bó bá ń ránṣọ, ó máa ń dúró. Bí nǹkan bá ń dùn ún, kì í dúró. Mo mọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Olùkọ́ ní, "Ẹ̀yin mọ̀? Kí lẹ wá ṣe sí i?"

Bàbá Aláago gbé ojú sílẹ̀. Ó ní, "Ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́ aago mi. Mo gé rọ́bà, mo fi sábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì."

Ẹ̀rọ ń mí. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ ń lọ.

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ mira. Ó mú ìwé ìrora, ó ní kí Bàbá bá òun di èjìká ìyàwó rẹ̀ mú, àwọn fẹ́ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí wọ́n ṣe yí i báyìí, gbogbo ojú télọ̀ kájọ, ó fún ojú pa, ara rẹ̀ le gan-an, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké nítorí pé ó ń wúkọ́ sí rọ́bà, ó ń bá a jà. Onídìrí yíjú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì ń kà á lábẹ́ẹ́lẹ̀: ojú, méjì; ara líle, méjì; ẹ̀rọ, méjì. Ó ní ọwọ́ ni òun kò lè kà torí wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ kò sì sí nínú ìwé. Ó kọ mẹ́fà. Ó tẹ bírò mọ́ ọn débi pé ó fẹ́ lu ìwé náà já. Lẹ́yìn náà ó kọ nǹkan kan sí etí ìwé, níbi tí kò sí àyè fún un: ẸSẸ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí tí ẹnu rẹ̀ fi súnmọ́ etí télọ̀.

"Ìyá, mo mọ̀ pé ẹ ò lè fọhùn. Bó bá ń dùn yín, ẹ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì."

Télọ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún ṣẹ́ ẹ. Ó tún ṣẹ́ ẹ, kò fẹ́ dẹ́kun, omi ń gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ lọ sínú etí. Ọjọ́ mẹ́rin ló ti ń dúró de ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn. Olùkọ́ gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí.

Nọ́ọ̀sì pe dókítà lórí fóònù. Ó sọ mẹ́fà fún un. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó yíjú sí Olùkọ́, kò bá a jà, ó ṣàlàyé fún un bí ẹni tó ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀: pé ẹni tí ikùn ń dùn kò lè mí kanlẹ̀, pé ìrora yìí gan-an ló lè má jẹ́ kí wọ́n yọ rọ́bà lọ́la, pé díẹ̀díẹ̀ làwọn á fún un, òun á sì máa wò ó. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, òun á máa wò ó lóòótọ́. Olùkọ́ wo bàbá rẹ̀.

"Ẹ fún un," ni Bàbá wí.

Wọ́n fún un. Wọ́n dúró yí i ká, àwọn mẹ́ta tí kò yẹ kí wọ́n ju méjì lọ, nọ́ọ̀sì kò sì lé ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Iwájú orí télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ọwọ́ rẹ̀ jọ̀wọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ náà ń lọ, ó ń falẹ̀. Gìgísẹ̀. Ó pẹ́. Ọmọ ìka. Ó wá dúró.

Olùkọ́ di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú. Ó ní ẹsẹ̀ ti dúró, ẹ wò ó, ẹsẹ̀ ti dúró, mo sọ fún yín. Ẹ̀rù bà á débi pé ohùn rẹ̀ dà bíi ti ọmọdé. Nọ́ọ̀sì ní kó wo àyà ìyá rẹ̀, ó ń lọ sókè sódò. Kó wo ẹ̀rọ, kò ké. Àmọ́ bàbá rẹ̀ ló fọwọ́ kàn án léjìká, tó fà á súnmọ́ra.

"Ó ti dé ìṣẹ́tí aṣọ ni," ló wí. "Jẹ́ kó sinmi."

Nígbà tí wọ́n ń jáde, Onídìrí gbé abọ́ ìrẹsì tó ti tutù fún nọ́ọ̀sì. Olùkọ́ kò pè é ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbà á, ó sọ pé òun kò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ láìṣí i, torí bẹ́ẹ̀dì kẹrin ti ń ké.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tán nígbà tí wọ́n délé. Ìyá Oníbúrẹ́dì, tó ti ṣáájú wọn padà láti lọ tajà, béèrè láti òdì kejì ògiri pé ara aláìsàn ńkọ́, ṣé ó ṣì ń ránṣọ? Olùkọ́ dáhùn pé ó ń sùn. Ìyá Oníbúrẹ́dì tún béèrè pé ṣé wọn kò ṣáà jẹ́ kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ yẹn. Olùkọ́ lọ bọ́ bàtà.

Bàbá Aláago ká aṣọ kúrò lórí máṣíìnì. Ó mú ọ̀bẹ, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ rọ́bà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àkọ́kọ́ yọ. Èkejì yọ, ìdajì rẹ̀ kù sílẹ̀, ó ha á. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ó sì pe Olùkọ́ kó wá bá òun gbé e. Olùkọ́ wá, ó gbé e, kò béèrè nǹkan kan. Onídìrí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, tó béèrè pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí ni Bàbá fẹ́ fi ìyẹn ṣe báyìí, wọn ò jẹ́ jẹun, wọn ò jẹ́ sinmi.

"Bó bá dé, mo fẹ́ máa gbọ́ ọ," ni bàbá rẹ̀ wí.

Ó jókòó sórí àga ìyàwó rẹ̀, àga tí kò jókòó lé rí. Ó gbé ẹsẹ̀ lé irin náà, ó tẹ̀ ẹ́. Ariwo rẹ̀ gba gbogbo ilé kan, irin ń gbá sìmẹ́ńtì, agolo òwú ń gbọ̀n lórí tábìlì, gbogbo aago tó wà lẹ́bàá fèrèsé kò sì sí èyí tí èèyàn lè gbọ́ mọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì gbá ògiri láti òdì kejì, ó ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Bàbá Aláago tún tẹ̀ ẹ́.